Ẹ má tíì sanwó ilé Kútọnu láti Oǹdó o

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ, pé ìwọ àti ìyàwó wa fẹ́ gbé báàgì kọ́yìn láti Oǹdó lọ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, kẹ́ ẹ lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lórí kọ̀ǹpútà, àti pé ẹ́jẹ́ńtì kan ní kẹ́ ẹ ti fowó oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ kí òun bá yín mú ilé sílẹ̀. Ìdáhùn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, nítòsí Ìjàpọ̀, èmi àti ọkọ mi náà gbé báàgì lọ sí Kútọnu yẹn nígbà tá ò tíì bímọ, a sì gbé ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ká tó padà wálé, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó kà á tẹ́yin méjèèjì.

Kí n yára mẹ́nu ba ti ìwé ìrìnnà ná. Aráa ECOWAS ni wá, ẹ ò nílò físà, 90 ọjọ́ ni wọ́n fún wa. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ máa kà o, ẹ má ka oṣù, torí oṣù mẹ́ta míì máa ń di ọjọ́ 92. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù yín lápá tiwa àti lápá tiwọn ní bọ́ọ̀dà Sèmè, kí yẹ́lò káàdì yín sì jẹ́ èyí tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún lóòótọ́. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa kúrò l'Óńdó láàárọ̀ kẹ́ ẹ sùn ní Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Láti Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀ títí dé Èkó, ìyẹn ò burú, àmọ́ láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì, kò sẹ́ni tó lè sọ iye wákàtí tó máa gbà. Ẹ sùn sí Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ sọdá láàárọ̀, kílẹ̀ lè mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ ìlú onílùú.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí nìyí. Ní Kútọnu, ọ̀kadà lọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀, zémidjan ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gé e kúrú sí zem, ẹ̀wù yẹ́lò làwọn tó ń gùn ún máa ń wọ̀. Zem kan ò lè gbé ẹni méjì pẹ̀lú báàgì ńlá méjì, méjì lẹ máa gbà. Lọ́jọ́ tá a dé, ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mọ́tò já wa sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Dantokpa, ọkọ mi ló gbọ́ Faransé díẹ̀ torí ó ṣe é nílé ìwé, òun ló bá àwọn ọlọ́kadà méjèèjì sọ̀rọ̀, òun ló mọ orúkọ ibi tá a ń lọ, òun ni gbogbo sefà, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, wà lápò ẹ̀, síìmù Nàìjíríà tó wà nínú fóònù mi ò sì gbé nẹ́tíwọ̀kì kankan. Zem tiẹ̀ gba ọ̀nà kan, tèmi gba òmíì. Nígbà tó yá ọlọ́kadà mi dúró, ó ń bi mí ní nǹkan, mi ò gbọ́, ó tún bi mí, mi ò gbọ́, mi ò mọ ibi tí mo wà, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ, mi ò sì ní kọ́bọ̀ tí mo lè fún un. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Olúwa mi o!" Ìyá kan tó ń dín nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dá mi lóhùn ní Yorùbá, ọmọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni. Ìyá yẹn ló sanwó ọ̀kadà, tó fún mi níjòókòó, tó ń sọ̀rọ̀ ìtùnú fún mi, nígbà tí ọkọ mi àti ọlọ́kadà tiẹ̀ ń wá mi kiri, tí àwọn ẹlẹ́wù yẹ́lò ń bi ara wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n rí obìnrin kan tó gbé báàgì, títí wọ́n fi rí mi. Mo ṣì máa ń gbàdúrà fún ìyá yẹn dòní.

Torí náà, ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ilé. Kẹ́nì kọ̀ọ̀kan yín lè dá rìn nínú ìlú yẹn ni, kó sì dá délé láìsí èkejì. Ẹ jẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù oníkálukú wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí sefà wà lápò ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àdúgbò ẹ̀, nǹkan ńlá tó wà nítòsí ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù wọn sórí bébà méjì, ọ̀kan fún ìwọ, ọ̀kan fún ìyàwó. Mo ní bébà, torí bátìrì fóònù á kú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù. Ohun tó sì jẹ́ kí nǹkan ńlá yẹn ṣe pàtàkì ni pé àwọn ọ̀nà kékeré inú àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní von, púpọ̀ nínú wọn ni ò lórúkọ téèyàn mọ̀, fámásì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé ni wọ́n fi ń júwe. Iyanrìn ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ von, báàgì onítáyà ò ní ṣeé wọ́ níbẹ̀, báàgì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fẹ́ gbé yẹn dáa.

Ní ti fóònù, síìmù méjì, ọ̀kan lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa fi bá yín forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, MTN, Moov àti Celtiis ló wà níbẹ̀, MTN tẹ́ ẹ ń lò l'Óńdó ò sọ ara ẹ̀ di tibẹ̀ o, ẹ ra tibẹ̀. Nǹkan kan wà tó máa dà yín láàmú tẹ́nì kan ò bá sọ: láti 30 November 2024 nọ́ńbà wọn ti di mẹ́wàá dípò mẹ́jọ, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́jọ lára pátákó hòtẹ́ẹ̀lì tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi 01 síwájú kẹ́ ẹ tó pè. Ẹ ra pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu róbótó méjì dání láti ilé, torí ṣáájà ẹlẹ́nu mẹ́ta tiwa ò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn.

Owó ńkọ́? Sefà wọn so mọ́ owó Yúróòpù, 655.957 sefà sí yúrò kan, kì í yí padà, náírà tiwa ló ń lọ sókè sódò, torí náà ẹ má fi iye tẹ́nì kan ṣẹ́ ẹ lọ́dún tó kọjá ṣe ìṣirò. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ ní bọ́ọ̀dà, èyí tó máa gbé yín débi tẹ́ ẹ máa sùn tó sì máa bọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ kà á lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ, níṣojú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ní kó fún yín ní wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fún ọlọ́kadà ní bébà 10,000 sefà á dúró síbẹ̀ pẹ́, torí kò sí ṣéńjì, àní nígbà míì ẹni tó ń ta búrẹ́dì náà ò ní gbà á. Owó onírin ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀, òun lẹ máa fi ra omi àti nǹkan kéékèèké. Ẹ sì dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gun zem, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá dé.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí láwọn òru àkọ́kọ́, ẹ wá ilé àlejò kékeré. Owó méjì ni wọ́n máa dá lé yàrá, ti fáànù lọ́tọ̀, ti ẹ́síì lọ́tọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi yàrá hàn yín ná, ẹ ṣí omi ẹ̀rọ, ẹ tan fáànù, ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ooru Kútọnu kì í ṣe bíi ti Oǹdó rárá, ìlú yẹn wà láàárín òkun àti ọ̀sà Nokoué, òógùn ò ní gbẹ lára yín. Ẹ béèrè dáadáa bóyá wọ́n ń gba àwọn tó ń sanwó wákàtí. Àwọn ilé àlejò kan wà tó jẹ́ pé ìyẹn gan-an ni òwò wọn, ilẹ̀kùn á máa dún títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìyàwó wa ò ní lè fojú kan oorun, ẹ sì máa sọ pé gbogbo Kútọnu ló rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù ló kù. Ìwọ sọ pé o ti ń kọ́ Faransé lórí fóònù, pé ìyàwó ò gbọ́ ẹyọ kan. Jọ̀ọ́, má di agbẹnusọ fún un. Ọkọ mi di agbẹnusọ fún mi, kò sì gbèrò ibi, ó fẹ́ràn mi ló fi ń ṣe é. Òun ló ń ra oúnjẹ, òun ló ń bá onílé sọ̀rọ̀, òun ló ń dúnàádúrà, mo wá dà bí ọmọ tó ń di ẹ̀wù bàbá ẹ̀ mú lọ́jà. Tílẹ̀ bá fi máa ṣú, orí á ti máa fọ́ ọ torí ó ti sọ̀rọ̀ jù, inú á máa bí mi torí mi ò tíì bẹ́nì kankan sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí i látàárọ̀, a ó wá jọ jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo, a ò ní mọ ohun tó ń bí wa nínú. Ìjà tá ò jà rí l'Ákùúrẹ́ la jà níbẹ̀. Orí iye tó fi ra tòmátì, ẹ gbà mí o.

Ohun tó tú wa sílẹ̀ ni pé mo sọ fún un pé kó fún mi lówó, mo fẹ́ dá lọ sí Dantokpa. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù bà mí jù ú lọ. Àmọ́ ọjà yẹn tóbi, ó wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Yorùbá sì kún inú ẹ̀, ẹ kàn máa tẹ́tí dáadáa ni. Níbi tí kò ti sí Yorùbá, mo máa kí wọn ná, bonjour láàárọ̀, bonsoir tó bá di ìrọ̀lẹ́, torí wọn ò fẹ́ràn ẹni tó kàn dé tó ń bèèrè iye, bíi tiwa náà ni, lẹ́yìn ìyẹn màá fìka júwe, màá ní kí wọ́n tẹ iye ẹ̀ sórí fóònù. Mo gbé ẹja àti ata délé lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin. Láti ìgbà náà la ti pín iṣẹ́, òun ló ń rí sí omi, fóònù àti onílé, èmi ń rí sí ọjà àti oúnjẹ, ó sì ní àkókò kan lójoojúmọ́ tí oníkálukú máa ń dá jáde. Kí ìyàwó kọ́ nọ́ńbà Faransé láti ẹyọ kan dé ẹgbẹ̀rún kẹ́ ẹ tó kúrò l'Óńdó, ìyẹn tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ò ní dà yín láàmú. Wọ́n ní àkàsà tó jọ ẹ̀kọ tiwa, wọ́n ní amiwo, ìyẹn òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò, tí wọ́n ń fi adìẹ díndín jẹ, ó dùn gan-an ni, ìrẹsì àti ẹ̀wà náà wà káàkiri láàárọ̀. Ọmọ Oǹdó lẹ̀ ń ṣe, mo mọ̀ pé iyán lẹ máa bèèrè, ẹ máa rí i rà, ẹ kàn ní láti wá a ni. Níbẹ̀rẹ̀, èyí tó gbóná lórí iná lójú yín ni kẹ́ ẹ máa jẹ. Etí òkun Fidjrossè dáa fún ìrọ̀lẹ́, ẹ nasẹ̀ débẹ̀, àmọ́ ẹ má lúwẹ̀ẹ́, omi yẹn ń fa èèyàn lọ. Tọ́kàn ìyàwó bá sì ń fẹ́ ilé, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́, kò jìnnà, olú ìlú wọn sì ni bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Yorùbá wà níbẹ̀ púpọ̀, kó lọ lo odindi ọjọ́ kan kó máa sọ èdè ẹ̀ títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìgbà yẹn lẹ wá lè máa wá ilé. Ẹ ti fẹsẹ̀ rìn, ẹ ti mọ̀ bóyá Akpakpa tó wà lódìkejì ọ̀sà lẹ fẹ́, tẹ́ ẹ máa máa gba orí afárá kọjá nínú gòsíló láàárọ̀, tàbí apá Cadjèhoun, tàbí Fidjrossè tí àwọn òyìnbó ti sọ owó ilé ẹ̀ dọ̀wọ́n. Àwọn tó ń mú èèyàn wo ilé níbẹ̀ máa ń gba owó ìwòran, bílé wù yín bí ò wù yín, ẹ bèèrè iye ẹ̀ ṣáájú. Yàtọ̀ sówó oṣù, onílé á béèrè owó ìdúró, á tún béèrè ti iná. Ẹ béèrè bóyá mítà yín dá wà tàbí ẹ̀yin àti àwọn míì lẹ jọ ń lò ó. Tó bá jẹ́ June tàbí July lẹ lọ, ẹ wo ara ògiri bóyá omi ti dúró síbẹ̀ rí, torí àwọn von kan máa ń di odò. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó dá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó gun zem láti ọjà délé yẹn fúnra ẹ̀, tó bá débẹ̀ láìpè ọ́ lórí fóònù, ẹ sanwó oṣù kan. Kẹ́ ẹ rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn kẹ́ ẹ tó san òmíì. Ẹ́jẹ́ńtì tó ń pè ọ́ yẹn, sọ fún un pé ìgbà tẹ́ ẹ bá dé lẹ máa rí i, tó bá ní àfi kẹ́ ẹ san nísinsìnyí, kó gbé ilé ẹ̀ fún ẹlòmíì.