Ìwádìí Modákẹ́kẹ́ àti ọmọ tó ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òṣogbo. Nínú ìpàdé wa pẹ̀lú àwọn òbí, bàbá kan ní ìwé tí àwọn nìkan ń kà ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń kọ, àti pé òkè òkun ni gbogbo ohun tó ń tún ìlú ṣe ti ń wá. N kò rí èsì fún wọn. Ǹjẹ́ ìwádìí tí a ṣe nílé ti yí ohunkóhun padà rí ní Áfíríkà?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú ìtara. Èsì yín kò jìnnà, Modákẹ́kẹ́ ló wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì, bí àṣà ìgbà náà ti rí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dópin ló ta àwọn yòókù yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹni tó ń gbé àárín wa ló lè ronú kan ìbéèrè bóyá ọmọ lè fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dópin. Àwọn olùwádìí náà ní láti jókòó wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sì kọ ìwé tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọmọ ọdún méje tó ti rí omi tó ń kán lára ìdérí ìkòkò ìyá rẹ̀ ti mọ nǹkan nípa oru. Bí ẹ bá fi Yorùbá bi í, yóò ṣàlàyé, bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, yóò wolẹ̀, a ó sì máa pè é ní olódo.

Ìwádìí náà kò kú sórí pẹpẹ ìwé. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, nígbà tó sì di 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ó dùn mí gan-an pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tún fagi lé e. N kò sì ní fi òótọ́ pamọ́ fún yín: owó Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló gbé iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ dúró. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wa wà, nítorí ìjọba tí kò náwó sí ìwádìí kò ní ka èsì rẹ̀ sí ohun ìní.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn kí wọ́n bi ọmọ wọn ní ìbéèrè oru náà nílé, ní èdè méjèèjì, kí ìpàdé mìíràn tó pé.