Ẹ̀rọ orin Bàbá ń dákẹ́ láàárín orin: kí ló ń ṣe é?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mararaba ni mo wà, ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ni mo ń tà. Bàbá wa, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì láti ìgbà èwe wọn, ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ rá lójú ti ṣòro fún wọn. Mo bá ra ẹ̀rọ MP3 kékeré oníbọ́tìnnì fún wọn lẹ́bàá títì, mo ra mẹ́mórì 64 GB sí i, àwọn ọmọ tó ń ṣe dáńlóòdù sì kó àpàlà, jùjú àtijọ́ àti wàásù sínú rẹ̀. Ẹnì kan tún bá wa gba ohùn ìyá Bàbá sí i láti inú kásẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí orin inú rẹ̀ kéré, ó ń ṣe dáadáa. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n fi kún un ni wàhálà dé. Orin á bẹ̀rẹ̀, á dákẹ́. Òmíràn kò ní dún rárá, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Wàásù apá kẹta á ṣáájú apá kìn-ín-ní. Ṣájà fóònù mi tuntun kò sì gbé iná sí i. Àbúrò mi ní kí n jù ú nù, kí n ra olówó ńlá. Ṣé kí n rà á?

Ìyá Ìbejì, Mararaba

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ má tíì ju nǹkan kan nù, ẹ má sì tíì ra nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí ni pé kí ẹ yọ mẹ́mórì yẹn kúrò nínú ẹ̀rọ, kí ẹ fi ìwé wé e, kí ẹ gbé e pamọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi orin kún un mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé kó nu gbogbo inú rẹ̀ nù, bó ti wù kí ó dá ara rẹ̀ lójú tó. Àpàlà àti jùjú, a óò tún rí wọn. Ohùn ìyá Bàbá ni mo ń rò.

Ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ẹ kọ ló jẹ́ kí n fura: ẹ ní nígbà tí orin inú rẹ̀ kéré, ó ń ṣe dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́, kò ní mọ̀ bóyá orin pọ̀ tàbí ó kéré. Mẹ́mórì ni mo di ẹ̀bi rù, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ayédèrú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà mọ múdù tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá wò ó láti òkè, múdù ni. Ẹ̀wà tó yẹ kó gbà ni kò ní gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́mórì ayédèrú rí. Ohun tíńtín kan wà nínú gbogbo mẹ́mórì tó ń dá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lóhùn bí wọ́n bá bi í pé èló ni àyè inú rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì á yí ìdáhùn yẹn padà. Àyè tó wà níbẹ̀ gan-an lè má ju 8 GB lọ, ṣùgbọ́n 64 ni yóò máa pe ara rẹ̀, 64 náà ni wọ́n sì tẹ̀ sí i lára. Bí 8 yẹn bá ti kún, ohun tí ẹ bá tún kó sí i yóò ṣòfò, tàbí kó lọ gun orí èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí orin tó ti ń dún tẹ́lẹ̀ pàápàá fi wá ń dákẹ́. Orúkọ wọn kò sì parẹ́, torí ọ̀tọ̀ ni ibi tí mẹ́mórì ń kọ orúkọ fáìlì sí, iwájú níhìn-ín. Orin fúnra rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ dáńlóòdù lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà wọn sọ fún wọn pé ó ti wọlé, wọ́n gbà á gbọ́.

Èmi náà ti kó sí i rí. Fọ́tò àti ohùn ìsọmọlórúkọ oníbàárà mi kan ni mo kó sínú mẹ́mórì tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tí mo fọkàn tán, mo sì pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ láìdán an wò. Ìdajì ló bọ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mẹ́mórì kan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse láìjẹ́ pé mo ti kún un dẹ́nu, kí n sì kà á padà.

Bí ẹ ó ṣe gba ohun tó kù là nìyí. Ẹ wá ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù. Ẹ má fi mẹ́mórì náà sínú fóònù, torí fóònù Android a máa dá fódà tirẹ̀ sínú mẹ́mórì fúnra rẹ̀, a ò sì fẹ́ kí ohunkóhun kọ nǹkan sórí rẹ̀ mọ́. Ẹ ra adápítọ̀, ìyẹn pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ń ki mẹ́mórì kékeré bọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, ohun tíńtín kan wà tí èékánná lè tì sókè tì sílẹ̀. Ẹ tì í sílẹ̀, síbi tí wọ́n kọ Lock sí. Ó ti di kíkà nìkan nìyẹn. Kí wọ́n wá kọ́pì gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì. Fáìlì tó bá kọ̀, kí wọ́n fò ó, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ gbọ́ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má gbọ́ ìṣẹ́jú kan kí ẹ ní ó dára. Mẹ́mórì ayédèrú lè fún yín ní ìdajì dídán, kó wá pa ìyókù jẹ. Ẹ gbọ́ mẹ́wàá nínú àwọn orin tó ń dákẹ́ pẹ̀lú. Orin tí kò dún lórí ẹ̀rọ Bàbá, tí kò sì dún lórí láptọ́ọ̀pù, mẹ́mórì ló pa á. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dún geere lórí láptọ́ọ̀pù tí ẹ̀rọ Bàbá kọ̀, irú fáìlì ni ọ̀ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò gbọ́ ju MP3 àti WAV lọ. Ohùn tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́, fáìlì opus ni. Orin tí wọ́n sì yọ lára fídíò, m4a ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn kan á kàn yí orúkọ rẹ̀ sí mp3, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Kí wọ́n yí i dáadáa pẹ̀lú ètò orí kọ̀ǹpútà, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà lórí láptọ́ọ̀pù ni ẹ wá lè dán mẹ́mórì wò. Ẹ kọ́kọ́ ti ohun tíńtín ẹ̀gbẹ́ adápítọ̀ padà sókè, kó lè ṣeé kọ nǹkan sí. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún Windows tó ń jẹ́ H2testw. Yóò kún mẹ́mórì náà tán, yóò kà á padà, yóò sì sọ iye tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ó lè gbà tó wákàtí mẹ́ta fún 64 GB, ẹ jẹ́ kó parí. Bó bá sọ pé 8 ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ olówó ńlá tí àbúrò yín ń sọ, mi ò rí ohun tí yóò ṣe fún Bàbá. Bí ẹ bá fi mẹ́mórì yẹn kan náà sínú rẹ̀, orin á tún dákẹ́. Owó yẹn, ẹ fi ra mẹ́mórì gidi 32 GB ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnni ní rìsíìtì, ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dá a padà bí kò bá yege. Ìdí tí mo fi mú 32 ni pé èyí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú ètò ìto fáìlì tí wọ́n ń pè ní exFAT, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré kò sì lè kà á. FAT32 ni wọ́n mọ̀. Ẹ má rò pé 32 kéré. MP3 tí wọ́n ṣe ní 128 kbps, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún ohùn rẹ̀ pọ̀ mọ, ń jẹ nǹkan bí 1 MB ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà 32 GB ju wákàtí 500 lọ. Nígbà tí Apple gbé iPod àkọ́kọ́ jáde ní 2001, 5 GB ló wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún orin ni wọ́n sì fi ń polówó rẹ̀ káyé. Bàbá kò ní gbọ́ tiwọn tán.

Ọ̀rọ̀ wàásù apá kẹta tó ń ṣáájú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì ọfà méjì tó lọ́ mọ́ra wà lójú ẹ̀rọ, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n tẹ èyí tó ń po orin pọ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ yìí kì í wo orúkọ tàbí nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó wọlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé jáde. Lórí mẹ́mórì tuntun, kí wọ́n fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, 001, 002, kí wọ́n sì kó wọn wọlé ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé, fódà kan lẹ́yìn ìkejì. Fódà mẹ́ta tó fún Bàbá: oríkì, wàásù, orin. Ẹ fi oríkì ṣe àkọ́kọ́, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, bọ́tìnnì ẹyọ kan ló kù kí wọ́n gbọ́ ìyá wọn. Ẹ lè fi ìṣó tí wọ́n dáná sí fa ìlà kékeré sára bọ́tìnnì náà, kí àtàǹpàkò wọn lè mọ̀ ọ́n láìwojú.

Ti ṣájà, ẹ wo okùn rẹ̀. Mo gbà pé méjèèjì orí okùn fóònù yín tuntun ló rí pẹlẹbẹ roboto, Type-C sí Type-C. Ṣájà irú èyí kì í gbé iná jáde àfi bí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ fún un ní àmì, ohun kékeré méjì inú ẹ̀rọ ló sì ń fúnni ní àmì náà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í fi wọ́n sí i, torí kí owó má bàa lé. Nítorí náà, ẹ lo okùn tó ní orí onígun mẹ́rin àtijọ́ lápá kan, pẹ̀lú ṣájà kékeré lásán. Ihò USB lára láptọ́ọ̀pù náà ń ṣe é.

Ooru ni mo fẹ́ bẹ̀ yín nípa rẹ̀. Bátìrì inú ẹ̀rọ yìí kò nípọn ju bísíkítì lọ, ooru ló sì ń pa á kíákíá. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin tí oòrùn Abuja mú, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò, Bàbá kò sì gbọ́dọ̀ ṣájì rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ wú, ẹ pa á, ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́, ẹ gbé e wá. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi sínú nylon nígbà tí wọn kò bá lò ó, torí eruku a máa dí ihò íyàpíìsì, apá kan á máa dún, ìkejì á dákẹ́.

Àgbàlagbà a máa gbé ohùn sókè, a ò lè dá wọn lẹ́bi. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ohùn tó wà ní 80 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ létí àgbàlagbà. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹ̀rọ Bàbá kò ní fi nọ́ńbà yẹn hàn yín. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: bí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde láti inú íyàpíìsì wọn, ó ti pọ̀ jù. Nínú ilé, sípíkà kékeré tí ẹ fi okùn kọ́ mọ́ ọn ló sàn jù, ẹ̀yin àti àwọn ìbejì náà á sì máa gbọ́ oríkì.

Bó bá wá jẹ́ pé oríkì ti bàjẹ́ lórí mẹ́mórì, a ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi sínú rédíò kankan láti dán an wò. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ wo téèpù láti ojú fèrèsé rẹ̀. Bó bá ti rọ̀ tàbí tó yọ lójú kan, ẹ ki báírò onígun mẹ́fà bọ ihò kan, kí ẹ rọra yí i títí téèpù yóò fi le. Bó bá lọ́ra láti yí, ẹ dúró níbẹ̀. Bí páálí rẹ̀ bá ti sán, mo lè kó téèpù náà sínú páálí mìíràn láìgé e. WAV ni a óò kọ́kọ́ gbà á sí, tí ń jẹ nǹkan bí 10 MB ní ìṣẹ́jú kan, kí a tó wá yọ MP3 fún ẹ̀rọ Bàbá. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 yóò jẹ nǹkan bí 600 MB. Ẹ jẹ́ kí WAV náà wà níbi méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí ẹ bá ń gbé kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ láti Mararaba, inú báàgì ọwọ́ yín ni kó wà, ẹ má gbé e síwájú mọ́tò níbi tí oòrùn ti ń pa á.