Ìlà kẹrin tí àbúrò yín ò kà

Àǹtí mi, ẹ kú ìdààmú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì. Ẹ ní àbúrò yín, ọmọ ọdún 19, tó ń kàwé ní Pune lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ti fá orí, kò jẹran mọ́, kò lọ sí kíláàsì mọ́. Ẹ ní ó ń fi ọ̀rọ̀ inú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, ránṣẹ́ sí yín pé kí èèyàn má wo èrè, ó sì fẹ́ kó lọ sí ashram kan, ìyẹn ibùdó àwọn ẹlẹ́sìn, ní Rishikesh. Ẹ wá béèrè pé ṣé ohun tí ẹ̀sìn Híńdù fi ń kọ́ ọ̀dọ́ nìyẹn, àti pé ṣé kí ẹ rán èèyàn lọ mú un wálé.

Rárá o, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ tó ń kà ni kò kà tán. Èmi náà ò kà á tán nígbà tèmi, odindi ọdún kan ló sì ná mi. Ẹni tó ní kí ẹ gbé e lọ sórí òkè kí wọ́n lé ẹ̀mí kan jáde lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Pune náà lèmi ti kàwé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, nígbà tí òjò wọn ń kásẹ̀ nílẹ̀, dengue mú mi. Ẹ̀fọn ló ń kó o ranni bíi ti ibà, àmọ́ ojúmọmọ ni ẹ̀fọn tiẹ̀ ń jẹni. Gbogbo oríkèé ara ń ro mí bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó lù. Bó bá mú àbúrò yín, kó má lo ibuprofen tàbí aspirin o, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya lára rẹ̀. Paracetamol ni kó lò, kó mu omi dáadáa, kó sì tètè lọ rí dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà, iye ìgbà tí mo wà ní kíláàsì ti já sí 61 nínú ọgọ́rùn-ún, 75 sì ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri pé mo ti di detained. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyẹn ò jẹ mọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé o ò ní jókòó ṣe ìdánwò.

Mo kó ìwé dókítà lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì. Akọ̀wé kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó ń ki bísíkíìtì bọ tíì. Kò gbójú sókè. Ó ní "kal." Kal ni ọ̀la. Mo padà dé lọ́jọ́ kejì. Kal. Ọjọ́ kẹta, kal. Físà mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí, wọn ò sì lè bá mi sọ ọ́ dọ̀tun láìsí ìwé tí wọ́n ń pè ní bonafide, tí ilé-ìwé máa fi jẹ́rìí pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni mí. Lọ́jọ́ kan bísíkíìtì ọkùnrin yìí já bọ́ sínú tíì, ó sì kẹ́dùn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Híńdì fi ń pe ọ̀la àti àná. Mo ní háà, bóyá àná ni bàbá yìí ń wí fún mi látọjọ́ yìí. Wọ́n ní kí n lọ rí agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé. Ìyẹn wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kí n máa ro èrò rere. Ìwé bonafide náà, mo rí i gbà nígbẹ̀yìn, ọ̀gá wọn ló fọwọ́ sí i, ìyẹn ò le.

Ohun tó le ni ohun tí mo ṣe ní àárín méjì. Ọkùnrin kan wà létí ọjà tó ń wo ìràwọ̀ fáwọn èèyàn. Ó wo ọwọ́ mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní Shani, ìràwọ̀ burúkú kan lójú tiwọn, ló gùn mí léjìká, pé ọdún méje àbọ̀ ló máa fi jókòó síbẹ̀ àfi tí mo bá wọ òkúta aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní neelam, kí n fi í sí ìka àárín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún rúpíì. Owó àjọ ìyá mi ni, Àǹtí mi. Ìyá mi kó àjọ, ó fi ránṣẹ́ pé kí n fi san ilé, mo lọ fi ra òkúta. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, alágbẹ̀dẹ góòlù kan gbé e sójú iná, ó ní ẹni tó ta gíláàsì yìí fún ọ, ṣé ó tiẹ̀ fún ọ ní àpò tó dáa? Awòràwọ̀ yẹn àtàwọn kan tí a mọ̀ nílé, ìyá kan náà ló bí wọn, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ẹnikẹ́ni ti ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má sì fi páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tọ́jú, bó ti wù kí irùngbọ̀n onítọ̀hún gùn tó.

Lẹ́yìn òkúta yẹn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Káàdì kan wà lára ògiri yàrá tí mo háyà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ni tìẹ, èso rẹ̀ kì í ṣe tìẹ. Ó dùn mọ́ mi. Mo ní ẹ wò ó, Ọlọ́run tiwọn pàápàá gbà pé kí n sinmi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn.

Bàbá onílé wa ló jí mi. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, iṣẹ́ rélùwéè ló ti fẹ̀yìn tì, Ajoba ni gbogbo wa ń pè é, ìyẹn bàbá àgbà lédè Marathi. Ó gbé tíì wá nínú kọ́ọ̀bù irin kékeré, ó bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ síwèé. Mo na ọwọ́ sí ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kà á tán. Mo ní ó ti tán. Ó ní ìlà mẹ́rin ni, orí kejì Gita, ẹsẹ 47. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á fún mi. Iṣẹ́ nìkan ni tìẹ. Èso rẹ̀ kì í ṣe tìẹ láéláé. Má torí èso ṣe iṣẹ́. Ó dúró, ó gbé ìka kẹrin sókè, ó mì ín níwájú imú mi: má sì jẹ́ kí àìṣiṣẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó ní, "Ìka yìí ńkọ́? Ta ló gé e?"

Ohun tó ń ṣe àbúrò yín gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síwájú sí i, torí ó ṣeé ṣe kó máa fi orúkọ Krishna, ọlọ́run tó ń sọ̀rọ̀ nínú Gita, dẹ́rù bà yín. Gbogbo ìwé náà, orí 18, ẹsẹ 700, ojú ogun ni wọ́n ti sọ ọ́, ní Kurukshetra. Jagunjagun kan tó ń jẹ́ Arjuna rí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ lódì kejì, ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó sàn kí òun máa tọrọ jẹ ju kí òun ṣe èyí lọ. Ẹ gbọ́ ọ o: òun ló fẹ́ pa iṣẹ́ tì kó máa ṣagbe. Gbogbo ohun tí Krishna wá ń sọ látìgbà yẹn ni pé dìde. Arjuna sì dìde níparí. Àbúrò yín rò pé ọ̀rọ̀ Krishna lòun ń sọ fún yín lórí fóònù, ti Arjuna ló ń sọ, ti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó gbọ́ èsì. Ẹ má bi mí pé kí ni ti ogun nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Gandhi ní ogun inú ọkàn ni, àwọn mìíràn ò gbà, àríyànjiyàn wọn nìyẹn.

Orí kẹta, ẹsẹ kẹfà, le jù báyìí lọ: ẹni tó so ọwọ́ so ẹsẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń yán ohun ayé, ẹlẹ́tàn ni wọ́n pè é. Lórí oúnjẹ, ẹ fi ẹran sílẹ̀ fún un, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ò pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tó bá ń gbààwẹ̀ àrà, tí kì í sùn, ẹ ní kó wo orí kẹfà, ẹsẹ 16. Wọ́n ní ọ̀nà yìí kò sí fún àjẹkì, kò sì sí fún ẹni tí kò jẹun rárá. Kò sí fún olóorun, kò sì sí fún ẹni tí kì í sùn.

Ìpínlẹ̀ Maharashtra ni Pune tí àbúrò yín wà, kò sí ọmọdé ibẹ̀ tí kò mọ ìtàn bàbá tó bí Dnyaneshwar, ẹni mímọ́ wọn. Bàbá yẹn fi ìyàwó sílẹ̀ nílé, ó lọ di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní ìlú mímọ́ Kashi. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ gbọ́ pé ó níyàwó, ó dá a padà sílé. Ẹ rí i, olùkọ́ ẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló ní padà sídìí ojúṣe rẹ. Ó bímọ mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn àlùfáà ta wọ́n nù láwùjọ. Dnyaneshwar ni ọ̀kan nínú wọn, òun ló túmọ̀ Gita sí Marathi ní 1290, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Alandi níbi tí ibojì rẹ̀ wà kò jìnnà sí Pune. Bí àbúrò yín bá ń wá ibi mímọ́ lójú méjèèjì, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó padà dé fún kíláàsì Mọ́ńdè.

Àwọn Híńdù pín ìgbésí ayé èèyàn sí ipele mẹ́rin: ti akẹ́kọ̀ọ́, ti onílé, ti ẹni tó ń yọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ti ẹni tó fi ayé sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fo ipele, n kò ní parọ́, àmọ́ ọmọ ọdún 19 tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sanwó ilé-ìwé fún, ti àkọ́kọ́ ló wà. Nínú Taittiriya Upanishad, ìwé mímọ́ wọn mìíràn, olùkọ́ ń dágbére fún akẹ́kọ̀ọ́, ó ní sọ òtítọ́, ṣe ohun tó tọ́, má fi ẹ̀kọ́ jáfara, mú ìyá rẹ bí òrìṣà, mú bàbá rẹ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ àti àlejò bẹ́ẹ̀. Tó bá ní òun ò gbé fóònù ìyá yín mọ́, ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i.

Mùsùlùmí ni mí, inú yàrá yẹn ni mo ti ń kírun mi, Ajoba ò fìgbà kan ní kí n forí balẹ̀ fún ohunkóhun. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn mi. Lálaalẹ́, á béèrè pé iṣẹ́ wo ni mo dá lójúmọ́, ṣé mo ṣe é. Kò béèrè rí bóyá ó yé mi tàbí bóyá màá yege. Tí mo bá ní mo ṣe é, á fi bírò sàmì sí ọjọ́ yẹn. Ìdánwò mẹ́fà ni mo jẹ, kárí-ofà la máa ń pè é nílé, backlog ni tiwọn. Mo yege nínú mẹ́rin ní àkọ́kọ́, mo tún méjì ṣe.

Ti pé kí ẹ rán èèyàn lọ mú un wálé, n kò mọ àbúrò yín tó yín. Àmọ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-ìwé ni físà náà so mọ́. Tó bá lọ jókòó sí Rishikesh tí ilé-ìwé yọ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti ẹ̀sìn, yóò di ti àwọn aṣọ́bodè, wọn ò sì ka Gita. Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹ tó mẹ́nu kan Ọlọ́run kankan fún un, ẹ bi í pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni wíwá sí kíláàsì rẹ̀ wà báyìí. Tó bá ti sún mọ́ 75, ẹ pè mí.