Kí ẹ tó fi BZ ṣírò, ẹ kọ́ ọ láti dákẹ́

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi BZ (Belousov-Zhabotinsky), kẹ́míkà tó ń ti pupa bọ́ sí búlúù tó tún ń padà, ṣe géètì AND, èyí tó ń dáhùn kìkì bí àmì méjì bá jọ dé, nínú abọ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ìgbì àwọ̀ búlúù ń yọ níbi tí ẹ ò fọwọ́ kàn. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Oṣù mẹ́rin ni géètì kan ṣoṣo gbà mí.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ sí ìgbì rárá. Omi ẹ̀rọ ni mo fi ń fọ abọ́, chloride inú rẹ̀ ló sì ń pa iṣẹ́ náà. Omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n tún gbà padà ni kí ẹ máa lò. Ẹ má ti ìka tó ń làágùn bọ inú abọ́ o, iyọ̀ wà nínú òógùn.

Ìṣòro tiyín le ju ìyẹn lọ. Àpòpọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, ti ìran wíwò ni: kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó yí àwọ̀ padà. Nínú ìṣirò, bí ìgbì bá dé, 1 nìyẹn. Bí kò bá dé, 0 ni. Abọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tí ẹ bi í léèrè? Pupa ló yẹ kó wà, kó máa dúró dè yín. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Arthur Winfree ti po irú rẹ̀ ní 1972. Èmi dín ásíìdì kù, mo fi bromide kún un, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ bromine tó máa yọ níbẹ̀rẹ̀ parẹ́ tán kí ẹ tó da ferroin (òun ló ń gbé àwọ̀ pupa àti búlúù wá) sí i, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí, kì í ṣe èéfín tí à ń fà símú.

Ó kù kí ẹ fi wáyà fàdákà kàn án. Bromide ló ń dá iṣẹ́ náà dúró. Fàdákà á gbà á mú níbi tó ti kàn án, ìgbì búlúù á sì gbéra. Eruku kan péré lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ bo abọ́ yín.

Ní ti géètì, àwọn olùwádìí Tóth àti Showalter ló fi hàn ní 1995: bí ihò tí ìgbì máa gbà kọjá lára ògiri bá kéré tó, ìgbì kan tó gba inú rẹ̀ yọ á kú lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n méjì tó dé pọ̀ á ti ara wọn kọjá. Ihò tí mo kọ́kọ́ gé fẹ̀ jù. Ìgbì kan ṣoṣo kọjá, mo ti ṣe OR, géètì tí àmì kan ṣoṣo tó fún, láìmọ̀, mo sì ń yọ̀! Èyí tí mo gé tẹ̀ lé e, kò sóhun tó gbabẹ̀. Nígbà tó wá ṣe rẹ́gí, wákàtí kan kò pé tó fi bàjẹ́, nítorí ohun èlò inú àpòpọ̀ ń tán lọ, ihò tó tọ́ láàárọ̀ á ti kéré jù. Èyí gan-an ló jẹ oṣù mi.

Mo pa gígé tì. Èròjà tó ní mẹ́táàlì ruthenium nínú ni mo fi rọ́pò ferroin, irú èyí tí àwọn olùwádìí Kuhnert, Agladze àti Krinsky lò ní 1989: ìmọ́lẹ̀ ń dá ìgbì rẹ̀ dúró. Ògiri di ìmọ́lẹ̀ lásán láti inú projector (ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sórí nǹkan), bí àpòpọ̀ bá ti ń gbó, màá fẹ ihò sí i lórí kọ̀ǹpútà. (Bẹ́ẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń tọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.) Ó wọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní padà sí abẹ.

Ẹ má retí eré o. Mìlímítà díẹ̀ ni ìgbì ń rìn ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ sọ bí ihò yín ṣe fẹ̀ tó fún mi, àti iye ìṣẹ́jú tí àpòpọ̀ náà ti lò kí ẹ tó fi wáyà kàn án.