Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ìràwọ̀ kan péré, kí ni tẹlisíkópù tó pọ̀ báyẹn ń wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ RS Ophiuchi bú gbàù lọ́dún 2021, pé àwọn onísáyẹ́ǹsì wá gbé oríṣiríṣi tẹlisíkópù tì í, ti rédíò, ti X-ray, títí kan àwọn kan ní Namibia. Ṣé ọ̀kan ò tó ni? Àbí nǹkan yẹn lè ṣe ayé wa ní jàǹbá? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Ní ti jàǹbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó jìnnà débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Méjì ni wọ́n níbẹ̀ o, wọ́n ń yí ara wọn po. Ọ̀kan jẹ́ ìràwọ̀ pupa ràbàtà tó ti darúgbó, èkejì ò ju ayé wa yìí lọ ní títóbi àmọ́ ó wúwo ju oòrùn lọ, òun ló ń fa gáàsì ara èyí tó pupa sọ́dọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gáàsì yẹn á fi pọ̀, á gbóná, á wá gbaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń pè ní nova nìyẹn. Ìràwọ̀ yẹn ò kú, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1898, 1933, 1958, 1967, 1985 àti 2006 kó tó tún ṣe é ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, 2021.

Tójú lásán bá wò ó, kò rí ju pé ìràwọ̀ kan tí kì í hàn tẹ́lẹ̀ ti wá hàn. Àmọ́ gáàsì tó tú jáde yẹn ń sáré ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ó sì lọ kọlu atẹ́gùn tó ń fẹ́ jáde lára ìràwọ̀ pupa yẹn, ibi ìkọlù yẹn ni gamma ray ti wá, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù lọ. Sátẹ́láìtì Fermi rí èyí tó rọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀, àwọn tẹlisíkópù H.E.S.S. ní Namibia sì rí èyí tó le jù, kò sí nova kankan tí wọ́n tíì rí irú ẹ̀ lára ẹ̀ rí! Inú mi dùn gan-an pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti rí i. Gamma ray ò lè kanlẹ̀ o, tó bá kọlu afẹ́fẹ́ lókè, ìmọ́lẹ̀ búlúù kan á kọ mànà, kíá ló ti lọ, òun ni tẹlisíkópù márààrún tó wà níbẹ̀ ń ká. Ti H.E.S.S. wá pẹ́ ju ti Fermi lọ ní bí ọjọ́ méjì kó tó dé góńgó, ohun tó sì fi hàn wọ́n ni pé ó gba àsìkò kí ìkọlù yẹn tó lè ti àwọn prótọ́ọ̀nù (èérún bíńtín tó wà nínú átọ́ọ̀mù) débi tí agbára wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀ ká ní ojú nìkan ni wọ́n fi wò ó?

X-ray tiẹ̀ tún yàtọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí gáàsì ti fẹ́lẹ́, sátẹ́láìtì Swift wá rí i pé iná ṣì ń jó lórí ìràwọ̀ kékeré yẹn. Tẹlisíkópù rédíò ní tiẹ̀, irú MeerKAT ní South Africa, ń tẹ̀ lé gáàsì yẹn bó ṣe ń tàn ká lọ.

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó máa wo T Coronae Borealis náà, ìràwọ̀ míì tó máa ń ṣe irú nova yìí, ó bú lọ́dún 1866 àti 1946, wọ́n sì ń retí ẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, lálẹ́, ó máa ń wà lókè ní apá àríwá. Tó bá bú, kó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, torí ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi hàn sójú lásán, AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń yí pa dà, sì máa ń gba ohun tẹ́nikẹ́ni bá rí, ọmọ iléèwé náà wà níbẹ̀.