"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé": ṣé irọ́ ni ẹni tó ṣu ń pa?

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ òwe tó ní "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ó ní ẹ̀gbọ́n òun lé òun jáde nílé lọ́dún tí òun fẹ́ ṣe WAEC. Òun rántí títí dórí àwọ̀ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń búra lónìí pé òun ò rántí nǹkan kan. Ṣé òwe yìí ń sọ pé irọ́ ló ń pa ni?

Rárá o. "Ó ń gbàgbé" làwọn àgbà wí, wọn ò ní "ó ń díbọ́n." Ẹni tó ṣu ti nùdí, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó kó o ló gbóòórùn, òun ló wá eérú dà sí i, òun ló ń wá ibi tó máa dà á nù sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á fún ẹni tó bá ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn lẹ ṣì ń gbé ká?"

Ìwádìí lórí ọpọlọ gbe òwe náà lẹ́sẹ̀. Hippocampus, apá kan nínú ọpọlọ, ló ń bá wa tọ́jú ohun tó ṣẹlẹ̀: ta ni, níbo, nígbà wo. Ní 1953, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lórí Henry Molaison ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 2008, ohun tójú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Apá mìíràn tí wọ́n ń pè ní amygdala ló wà níwájú hippocampus gan-an, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Òun ló ń mọ ohun tó léwu àti ohun tó dunni. Bí àyà bá já, tí adrenaline, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bani, tú sínú ẹ̀jẹ̀, amygdala á ki hippocampus láyà pé kó di èyí mú dáadáa. Bí àyà ò bá já, ọ̀rọ̀ lè kàn kọjá lọ.

Larry Cahill, James McGaugh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Kalifóníà ní Irvine dán èyí wò ní 1994. Wọ́n fi àwòrán sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tí mọ́tò wá gbá a. Ṣáájú, wọ́n ti fún àwọn kan ní propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dí adrenaline lọ́nà. Oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n fún àwọn yòókù. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ibi ìjàǹbá náà ló hàn jù lójú àwọn tí kò lo propranolol. Àwọn tó lò ó rántí ibi tó rọrùn bíi tàwọn yòókù, àmọ́ ibi ìjàǹbá ò ta yọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Àyà tirẹ̀ ni kò já.

Ohun tó dunni tún lè pẹ́ ju ìrántí rẹ̀ lọ. Ní 2010, Justin Feinstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ han àwọn tí hippocampus wọn ti bàjẹ́. Láìpẹ́, wọn ò rántí fíìmù mọ́, síbẹ̀ inú wọn ò dùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ìyá àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń ra, ẹ má jágbe mọ́ wọn kẹ́ ẹ ní "wọn ò kúkú ní rántí."

Ibì kan ni mo ti bá òwe yìí jiyàn. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé, àmọ́ ó lè ṣì í rántí. Nígbà tí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń lọ sí gbalasa òfurufú, bú gbàmù lójú òfurufú ní 1986, Ulric Neisser àti Nicole Harsch ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Emory kọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wọn sọ nǹkan mìíràn, ó sì dá wọn lójú. Nítorí náà, lílé tó lé yín jáde ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ fi ti aṣọ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pa òwe náà létí ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí pé àbúrò kì í pa irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lásán. "Tótó, ó ṣe bí òwe o" gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ sì tún wà nínú rẹ̀! Tí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín pa á.