Ẹja mẹ́wàá kan ló ń jẹ oúnjẹ gbogbo tanki, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọ̀kun o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìsánlú ni mò ń gbé. Mo ra ọmọ ẹja àrọ̀ 500 sínú tanki tàpólì lẹ́yìn ilé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Tí mo bá ti da fíìdì sómi, àwọn bíi mẹ́wàá kan tó tóbi ló máa ń bo gbogbo ẹ̀, àwọn kékeré á wà nísàlẹ̀. Wọ́n sì ń dínkù, bẹ́ẹ̀ mi ò rí òkú ẹja lójú omi. Ṣé kí n kó àwọn wọ̀bìà yẹn sọ́bẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Màmá, ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó. Ẹ má tíì gbé ìkòkò kaná o. Àwọn tí ẹ ń pè ní wọ̀bìà yẹn, ṣúútà là ń pè wọ́n nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ tó tà, owó yín ni wọ́n. Kí ẹ yọ wọ́n kúrò láàárín àwọn yòókù ló kù, kẹ́ ẹ sì tètè yọ wọ́n.

Ẹ ní ẹ ò rí òkú, ibo lẹ ti fẹ́ rí i, inú ikùn ló wà. Ẹja àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn, tí ẹnu ọ̀kan bá ti fẹ̀ tó gba orí èkejì á gbé e mì lódidi, tí kò bá gbà á, á máa bù ú nírù jẹ. Ẹyẹ náà máa ń kó ẹja lóòótọ́, ẹ na àwọ̀n bo tanki yẹn, àmọ́ pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ yìí, ojú mi ò kúrò lára àwọn mẹ́wàá yẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìgbà tí àwọn ọmọ ń jẹun pọ̀ nínú abọ́ kan ṣoṣo, èyí tọ́wọ́ ẹ̀ tóbi tó sì yá á ti kó ẹran lọ kí àbúrò ẹ̀ tó bu òkèlè kejì. Bó ṣe rí nínú tanki nìyẹn o, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde látinú ẹyin, àmọ́ èyí tó fi díẹ̀ ju èkejì lọ á jẹ jù, á wá tóbi jù, á tún wá jẹ jù sí i, títí ẹnu ẹ̀ á fi gba àbúrò ẹ̀.

Torí náà ẹ gbé abọ́ tiwọn sọ́tọ̀. Ẹ má fún wọn lóńjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí ẹja tó yó kì í fara da kéèyàn máa gbé e sókè sódò, ó lè máa bì, ó sì lè kú. Àárọ̀ kùtù lẹ máa ṣe é kí oòrùn tó mú, kí bésìn tí ẹ máa kó wọn sí ti ní omi tanki yẹn nínú, ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta, ńlá, àárín, kékeré, kí oníkálukú ní ibi tiẹ̀. Tí kò bá sí tanki mìíràn, ó kéré tán ẹ wá dúrọ́ọ̀mù ńlá kan fáwọn ṣúútà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ tún un ṣe, torí ṣúútà tuntun máa yọ láàárín àwọn tó kù, kò sí bí ò ṣe ní yọ.

Ó tún jọ pé fíìdì yín ò tó, ebi sì máa ń jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn gan-an. Ẹ wọn 20 nínú wọn, tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ kílò kan, a jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 50. Tó bá ku 400, kílò 20 lẹ ní nínú omi, tí ẹ bá wá fún wọn ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kílò kan lójúmọ́ nìyẹn, ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Ibi kan náà lẹ máa ń dúró sí da fíìdì, àbí? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da díẹ̀ sí igun kan, àwọn ńlá á sáré lọ síbẹ̀, kí wọ́n tó gbọn orí kúrò ńbẹ̀ ẹ yára rìn lọ sódìkejì kẹ́ ẹ fọ́n ìyókù káàkiri fáwọn kékeré. Àwọn tó ń sin ẹja ẹlẹ́wà nínú gíláàsì ní pálọ̀ náà máa ń bi mí nírú ìbéèrè yìí, ọgbọ́n kan náà ni mo máa ń fún wọn. Kí hóró fíìdì yẹn jẹ́ 2mm fáwọn kékeré o, torí tẹ́ ẹ bá da 4mm sí i, ẹnu wọn ò ní gbà á, àwọn ńlá náà ló tún máa jẹ ẹ́. Ti ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú, ẹja àrọ̀ kì í fi ojú nìkan wá oúnjẹ, irun ẹnu ẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, àwọn ojo inú wọn á jáde wá jẹun nínú òkùnkùn. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ kó o kúrò kó má ba omi jẹ́.

Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ mọ bí òtútù ìdájí ṣe máa ń rí ní Ìyàgbà tí Ìsánlú yín wà, ẹ dúró kí oòrùn yọ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún wọn, kẹ́ ẹ sì dín in kù, torí omi tútù kì í jẹ́ kí wọ́n lè jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín wọn, ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dínkù.